Oṣù Mẹ́rin Láàárín Èmi àti Rìsí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òtútù mú débi pé a tan híítà fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún yìí. Eruku tó ti ń sùn nínú ihò rẹ̀ láti oṣù karùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé wa ní Springdale, nítòsí Toronto ní Canada. Àwọn ọmọ mi kò gbé ojú kúrò lára fóònù wọn. Èmi ni mo dìde, mo lọ wò bóyá ilẹ̀kùn wà ní títì, mo sì yẹ àpò tí ìwé gbogbo wa wà nínú rẹ̀ wò. Ọmọ mi obìnrin wò mí, ó ní, "Mummy, it's just dust." Mo ní mo mọ̀. Òótọ́ ni, eruku lásán ni. Ṣùgbọ́n irú òórùn yẹn gan-an ló wà nínú kíláàsì wa lọ́jọ́ tí mo fi ẹnu ara mi kó ẹ̀gbọ́n mi sínú ewu, ara mi kò sì tíì gbà pé ọjọ́ náà ti lọ.

Ilé gíga kan nítòsí oríta títì Jane àti Finch là ń gbé nígbà náà, ní àjà kọkànlá. Ọmọ ọdún márùn-ún ni èmi àti Rìsí nígbà tí a bá àwọn òbí wa dé Toronto, àwa méjèèjì nìkan sì ni ọmọ tó wà nínú ilé. Bàbá wa ń jó irin pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ilẹ̀kùn. Ìyá wa ń tọ́jú àwọn arúgbó, iṣẹ́ òwúrọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá wọ lífíìtì wa lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ bá parí, imú yín á sọ ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan ń sè fún yín: kọ́rì àwọn ará Guyana, ẹja àwọn ará Vietnam, ata tiwa. Obìnrin Guyana tó ń gbé nísàlẹ̀ wa máa ń fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà rẹ̀ bí ìyá wa bá ń gún iyán, títí ìyá wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sábẹ́ odó, tí wọ́n sì ń bu iyán àti ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Láti ìgbà náà, bí ó bá gbọ́ odó, kì í gbé ìgbálẹ̀ mọ́. Àwo ló ń fọ̀ dè wá.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí máa ń sọ ibi tí ẹ ti wá láìwo ẹ̀yìn. Ní tiwa, kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ti Jàmáíkà wá máa ń béèrè lọ́wọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ bóyá orí igi la ti sọ̀kalẹ̀ wọ bàálù. Lọ́jọ́ Sátidé, ní ilé kéú tó wà nísàlẹ̀ mọ́sálásí, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn ń fi Yorùbá wa ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní à ń sọ ọ́ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn òyìnbó ní kí a padà síbi tí a ti wá, àwọn àgbàlagbà mọ́sálásí sì ń pè wá ní ọmọ òyìnbó. Nínú gbogbo èyí, ohun kan ṣoṣo ló dá mi lójú: Rìsí ni ẹ̀gbọ́n mi. Bí wọ́n bá lé wa, àwa méjèèjì ni wọ́n máa lé.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wá nígbà tí tíṣà wa, obìnrin òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo, gé káàdì aláràbarà bí ọkọ̀ ojú irin, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì. Yàrá méjìlá ni ọkọ̀ náà ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún oṣù kan, kí olúkúlùkù wá lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ oṣù tí wọ́n bí i. Ẹ ó bi mí pé ṣé n kò mọ ìṣirò ni. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, a kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Bàbá wa ní kò sí nínú ẹ̀sìn, ìyá wa ní kéèkì máa ń ba eyín jẹ́. Inú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ní kí a mú wá lọ́sẹ̀ náà ni mo ti kọ́kọ́ rí oṣù tèmi àti ti Rìsí, mo sì há wọn sórí, torí mo fẹ́ràn kí n máa mọ nǹkan ju ẹgbẹ́ mi lọ.

Rìsí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ láwùjọ. Nígbà tó kàn án, ó wolẹ̀. Èmi ni mo nawọ́, tí mo sọ tiwa pọ̀: Rìsí, oṣù kejì, èmi, oṣù kẹfà. Ọdún kan náà, mo tún fi kún un, bí ẹni pé ẹ̀bùn ni mo fẹ́ gbà.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wa, tí òbí rẹ̀ ti Trinidad wá, ka ìka rẹ̀. "Four months?" ló ní. "Is your mom a rabbit?"

Ṣé ehoro ni ìyá wa. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìgbà náà ni mo rí ojú tíṣà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo orúkọ wa, ó wò mí, ó wo Rìsí, ó tún wo orúkọ náà. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé kí ẹni tó kàn máa bọ̀. Híítà ń dún kó, kó, kó lábẹ́ fèrèsé, eruku sì ń jóná.

Nígbà tí a délé, mo sọ ọ́ fún ìyá wa bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Wọ́n ń fọ ẹja lọ́wọ́. Wọ́n dúró, ẹja lọ́wọ́ kan, omi ẹ̀rọ ń ṣàn lọ, bẹ́ẹ̀ ìyá wa kì í fi omi ṣòfò.

"Kí ni tíṣà sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan, Mọ́mì."

"Ìyẹn gan-an ló burú," wọ́n ní, wọ́n sì pa omi.

Ilé-ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ lọ, wọ́n sọ pé ọmọ àwọn ni àwa méjèèjì, wọ́n dúpẹ́, wọ́n jáde. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá láìsí nǹkan. Nígbà tí yìnyín ti bo gbogbo ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀, lẹ́tà kan dé láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìwé àwọn àjèjì. Títí dòní, n kò mọ ẹni tó kọ̀wé sí wọn, n kò sì ní fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà náà ní kí bàbá wa wá ṣàlàyé bí obìnrin kan ṣe bí ọmọ méjì láàárín oṣù mẹ́rin, kí wọ́n sì kó gbogbo ìwé dání.

Lẹ́yìn ìrun àsárì lọ́jọ́ Sunday kan, Ọ́ńkù Gàní, ọ̀rẹ́ bàbá wa láti mọ́sálásí, wá gbà wọ́n nímọ̀ràn. Èmi àti Rìsí wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa.

"Ọ̀rọ̀ kékeré nìyí," Ọ́ńkù Gàní ní. "Ẹ sọ pé ìbejì ni wọ́n, pé Kẹ́hìndé ló pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà."

"Oṣù mẹ́rin, Gàní?" bàbá wa bi í.

"Ṣé òyìnbó mọ bí ìbejì tiwa ṣe ń ṣe ni? Ó dáa, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ sọ pé ìyàwó méjì lẹ ní. Mùsùlùmí ṣáà ni yín."

Ìyá wa jáde láti kíṣínì. "Ìyàwó èkejì dà? Mú un wá kí n rí i. Kó wá bá mi gba shift Sunday, ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Ẹ má bínú, Àǹtí mi, ọ̀nà ni mo kàn ń wá."

"Ọ̀nà ẹ̀wọ̀n lò ń wá fún ọkọ mi. Òfin ìlú yìí kò gba ìyàwó méjì."

Bàbá wa kò rẹ́rìn-ín. "Mi ò ní pa irọ́ kejì," wọ́n ní. "Àkọ́kọ́ gan-an, mi ò mọ̀ pé irọ́ ni."

Rìsí fọwọ́ tọ́ mi. "Irọ́ wo?" Mo ní n kò mọ̀. Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà mí.

Lọ́yà kan wà tó ń ran àwọn ará àdúgbò lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, obìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ti Jàmáíkà wá. Àwọn òbí wa kó ìwé lọ bá a. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni bàbá wa tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún mi. Lọ́yà ka fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi gba ìwé ìrìnnà wa láti ilé, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ parọ́ á yí ọjọ́ ìbí padà kó lè bá irọ́ rẹ̀ mu. Kí ló dé tí bàbá wa fi kọ ọjọ́ ìbí ọmọ náà gan-an? Bàbá wa ní torí pé ọjọ́ náà ni wọ́n bí i. Kí ló dé tí wọ́n wá kọ ọ́ ní ọmọ wọn? Wọ́n ní ibi tí fọ́ọ̀mù ní kí àwọn kọ ọmọ àwọn sí ni àwọn kọ ọ́ sí. Kò sí ibòmíràn tí àwọn ìbá kọ ọ́ sí.

Lọ́yà kò fi nǹkan pa mọ́ fún wọn. Ìjọba lè gba ìwé gbogbo wa. Bí wọn kò bá tilẹ̀ gba tiwa, wọ́n lè dá Rìsí nìkan padà, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó kù nílé tí wọ́n lè dá a padà fún. Ọ̀nà kan ló wà: kí a sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, kí a sì fi hàn pé ilé wa ni ilé rẹ̀. Wọ́n máa bi àwa ọmọ náà ní ìbéèrè. Nítorí náà, Rìsí gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó di pé àlejò ló máa sọ fún un.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ní agboolé tí wọ́n ti tọ́ bàbá wa dàgbà, bí wọ́n bá gba ọmọ ẹbí tọ́, a kì í sọ ọ́ lójú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá là á lẹ́nu nínú ìjà pé "ìwọ kọ́ lọmọ ibí," yálà ọmọdé ni tàbí àgbà, wọ́n á ní kó kúnlẹ̀ títí ẹni tó sọ ọ́ sí yóò fi dárí jì í. Ohun tí ìyá wa kò gbọ́dọ̀ sọ láéláé ni lọ́yà ní kí wọ́n lọ sọ, kí ọmọ náà má baà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, a jókòó sílẹ̀ ní kíṣínì, à ń bó ẹ̀wà tí a máa fi ṣe mọ́ínmọ́ín. Ìyá wa kò gbójú sókè nínú abọ́.

"Rìsí, Mọ̀ríyámọ̀ ló bí ọ, àbúrò Dádì yín. Mọ́tò ti pa bàbá rẹ kí wọ́n tó bí ọ. Ìyá rẹ náà kú nígbà tí o pé ogójì ọjọ́. Wàrà agolo la fún ọ títí mo fi bí eléyìí." Wọ́n fi ẹnu júwe mi. "Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ mu ọmú mi, ìwọ lọ́tùn-ún, òun lósì. Nínú ẹ̀sìn wa, ẹni tó bá jọ mu ọmú kan náà ti di ọmọ ìyá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Kò sí òmíràn."

Rìsí ń bó ẹ̀wà lọ. Ó bó bíi mẹ́wàá kó tó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé ta ni òun jọ.

"Ẹsẹ̀ rẹ," ìyá wa ní. "Ẹsẹ̀ Mọ̀ríyámọ̀ ni." Wọ́n dìde, wọ́n lọ dúró sí bákónì nínú òtútù, láìwọ kóòtù.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi yí padà. Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ìwà pẹ̀lẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í hù, bí àlejò tó wá kí wa. Ó ń tọrọ àyè kó tó ṣí fíríìjì. Bí a bá jẹun tán, ó ń sọ pé, "Ẹ ṣé, mà." Tí mo bá já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, á fi í sílẹ̀ fún mi. Nígbà kan, ó pe ìyá wa ní "Àǹtí," àwo kan sì bọ́ lọ́wọ́ ìyá wa, ó fọ́. Ó kó aṣọ rẹ̀ kúrò nínú dúrọ́ọ̀, ó ká a sínú àpò kan lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Kí n má baà dá wọn dúró bí wọ́n bá wá mú mi."

Èmi ni mo ń sá. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ bẹ́ẹ̀lì láti ìsàlẹ̀, mo ti wà lábẹ́ tábìlì. N kò nawọ́ mọ́ ní kíláàsì, bí mo tilẹ̀ mọ ìdáhùn. Mo gbà pé ẹnu mi ló fa gbogbo rẹ̀, mo sì pinnu pé n kò ní jẹ́ kó tún sọ nǹkan kan.

Lọ́yà tún mú ọ̀rọ̀ kan wá. Ó ní bí bàbá wa bá lè gba Rìsí ṣọmọ lábẹ́ òfin, kó máa jẹ́ orúkọ tiwa lọ, iṣẹ́ á rọrùn. Bàbá wa lọ bi Alfa wa. Alfa ní orúkọ bàbá ọmọ ni kí a máa fi pe ọmọ, bí bàbá náà tilẹ̀ ti kú. Ọ̀rọ̀ yìí ká bàbá wa lára, torí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ fọ́ọ̀mù náà ni Rìsí ti ń jẹ́ orúkọ wa. Lọ́yà kìlọ̀ fún wọn pé orúkọ tó yàtọ̀ lè mú kí ìjọba rò pé ọmọ náà kì í ṣe tiwa lóòótọ́. Bàbá wa ní, "Mo ti gba ọmọ wọn. Mi ò lè tún gba orúkọ wọn." Ìyá wa kò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Nígbà tí yìnyín ti yọ́ ni wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì kan ní Etobicoke. A wọ bọ́ọ̀sì, a wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, a tún wọ bọ́ọ̀sì. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tí òtútù ti mú ní imú ló ń bi wá ní ìbéèrè, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, lọ́yà jókòó tì mí. Ọkùnrin náà ní ṣé àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n mi ni Rìsí. Mo ti kọ́ ìdáhùn náà sórí, kí n sọ pé ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Ó wá dà bíi pé wọ́n ní kí n dúró láàárín agboolé kí n bú u. Ẹnu mi kò ṣí. Mo ń wo ìka mi, ìṣẹ́jú ń lọ, mo sì mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ mi ń ba nǹkan jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ mi ṣe bà á jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ọkùnrin náà nu imú rẹ̀. Ó ní kò burú. Ó ní kí ni Rìsí máa ń ṣe tí n kò fẹ́ràn.

Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ní ìdáhùn ìyẹn. Mo ní kó tó di ìgbà òtútù yìí, ó máa ń gbé ẹsẹ̀ tútù lé mi nídìí bí a bá ń sùn. Mo ní ó máa ń hó ìrẹsì tó jó nísàlẹ̀ ìkòkò jẹ kí n tó dé. Mo ní bí mo bá fo ìrun kan, òun ló ń sọ fún Mọ́mì, bẹ́ẹ̀ òun náà ń fò ó. Mo ní ó ń di irun mi le jù, ó ní ẹ̀gbọ́n ni òun, pé kí n mú un mọ́ra, oṣù mẹ́rin péré ló sì fi jù mí lọ. Mo ní báyìí kò ṣe ọ̀kankan mọ́ nínú wọn, pé ìyẹn ni n kò fẹ́ràn jù lọ, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi sọ fún un kó ṣíwọ́. Ọkùnrin náà ti dáwọ́ kíkọ dúró. Ó ní ó ti tó. Mo ní kò tíì tó.

Mo ti tọ́ ọmọ tèmi báyìí, Rìsí náà ti tọ́ tirẹ̀ ní Etobicoke, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ wa ń sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni àwọn, ọmọ Canada ni àwọn, wọ́n ń sọ ọ́ sókè nínú bọ́ọ̀sì, kò sì sí ẹni tó ń wo ẹ̀yìn nínú wọn. Inú mi ń dùn sí i, mo sì ń bẹ̀rù fún wọn. Mo ti sọ ìtàn ẹni tó bí Rìsí fún wọn láti kékeré, ohun tí wọn kò jẹ́ sọ ní agboolé bàbá wa. Èmi kò tíì lè fi fọ́ọ̀mù kankan sílẹ̀ láìtún yẹ ọjọ́ ìbí inú rẹ̀ wò. Bí èmi àti Rìsí bá jọ ń kọjá ní ẹnu ibodè, wọ́n á wo orúkọ méjì tó yàtọ̀ síra, wọ́n á béèrè ohun tí a jẹ́ sí ara wa. Òun ló máa ń dáhùn. Ó ní àbúrò òun ni mí, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé ẹrù kalẹ̀.

Lẹ́tà ìkẹyìn dé nínú oṣù keje, ọ̀sán ọjọ́ kan tí ooru mú. Bàbá wa kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì gbé e fún mi kí n kà á sókè, torí wọn kò gba ojú ara wọn gbọ́. Rìsí lè dúró. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni yóò máa jẹ́, àwọn òbí wa sì ni alágbàtọ́ rẹ̀. Wọn kò gba ìwé ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti pa fáìlì náà dé. Bàbá wa ní, "Alihamudulilai." Ìyá wa jókòó sílẹ̀ ní kíṣínì, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì.

Rìsí dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ó ti parí?"

"Ó ti parí," ìyá wa ní.

Ó wọ yàrá wa lọ. A gbọ́ tó ṣí dúrọ́ọ̀. Lẹ́yìn náà la gbọ́ igbe kan tó lè dé etí àwọn tó wà nísàlẹ̀: "Ta ló kó àwọn ìbọ̀sẹ̀ rírùn yìí sínú dúrọ́ọ̀ mi? Mọ́mì! Ẹ wá wo nǹkan tí ọmọ yín ṣe o! Mọ́mì!"

Ìyá wa bo ojú. Bàbá wa ní kí n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo lọ. Ó ju ìbọ̀sẹ̀ kan lù mí lójú, ó ní òun ò tíì dárí jì mí, ó sì ní kí n kúnlẹ̀.